Ọ̀sẹ̀ Panápaná ní Ṣọ́ọ̀bù Àmúdàtù

Ìbínú Àmúdàtù Gbádérọ̀ máa ń jí kí òun fúnra rẹ̀ tó jí. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò rẹ̀ ní Àgbowó, Ìbàdàn, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí Máíkírà láàárọ̀, awakọ̀ á kọ́kọ́ gba èébú tirẹ̀, ẹni tó da omi ìdọ̀tí sójú títì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yóò wá kí àwọn ará ìlà rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Wọn kì í bá a jà. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ló gbóná, inú rẹ̀ kò burú. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, Àmúdàtù ni yóò kọ́kọ́ dé ọsibítù, yóò sì ti bú nọ́ọ̀sì kí ìyá ọmọ tó débẹ̀.

Iṣẹ́ ìdìwé ló ń ṣe, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní báíndìn. Ìwó ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá adìwé kan ní Òkè-Àdó, ọdún méje gbáko ló sì lò níbẹ̀, nítorí bàbá náà kì í tú ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó mọ bí a ṣe ń fi òwú rán ìwé lẹ́yìn, ó mọ bí a ṣe ń po gọ́ọ̀mù tí kòkòrò kò ní jẹ, ó sì mọ bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà wúrà sára èèpo ìwé tí ogún ọdún kò ní pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ dókítà lónìí ní yunifásítì, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé tó sọ wọ́n di dókítà gbà kọjá. Ó máa ń sọ èyí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta báyìí, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀, Màmá ni gbogbo wọn sì ń pè é.

Ohun kan ló ń ba ayé Àgbowó jẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba ìsinmi gígùn, owó á bá wọn lọ sílé. Lọ́dọọdún, ó di dandan kí Àmúdàtù ní kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sílé títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dé, ọjọ́ tó bá sì ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ojú má bàa tì í. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ilé-ìwé aládàáni kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ kó wá tún gbogbo ìwé inú láíbìrérì wọn dì, àti àwọn rẹ́jísítà wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Iṣẹ́ ọdún méjì ni. Ó pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, ó ní kò sí ẹni tó máa lọ jókòó sílé lọ́dún yìí. Jésùlọlá, ọmọbìnrin tó máa ń rán ìwé lẹ́yìn, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, bú sẹ́kún níbẹ̀. Àmúdàtù bá a wí pé kó lọ nu ojú rẹ̀ nù kí omijé má bàa kán sórí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Àṣé ó ku nǹkan kan. Ilé-ìwé náà kọ̀wé pé kó mú ìwé-ẹ̀rí iléeṣẹ́ panápaná wá kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, pé ẹni tó bá fẹ́ kó ìwé àwọn sílé gbọ́dọ̀ fi hàn pé iná kò ní jó o. Bí kò bá rí i mú wá, àwọn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

“Iná wo?” Àmúdàtù bi afẹ́fẹ́. “Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà níbí, ṣé iná ti jó mi rí? Àwọn tí iná ń jó, ṣé wọn ò níwèé-ẹ̀rí ni?”

Ó bínú, ṣùgbọ́n ó lọ béèrè fún un. Àwọn panápaná fún un ní lẹ́tà pé àwọn ń bọ̀ wá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ tó bá wu àwọn. Gbogbo ará ìlà búra fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wá, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá wo ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ́dún tó kọjá. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ìjọba kọ̀wé sí ọ, o ká a tán, o wá lọ bi aládùúgbò bóyá òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Wọ́n kó àjákù pépà àpò mọ́kànlá jáde. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iná mànàmáná tí wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù, Àmúdàtù sì bèèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn pé òpònú wo ló gbé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tó rán an létí pé òun ni. Wọ́n rọ iyanrìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Bólúwadúró, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn òṣìṣẹ́, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, fi téèpù dúdú di wáyà tó ti bó. Wọ́n sì ti gbé sílíńdà pupa méjì tí wọ́n fi ń paná lọ fún Mánsúrù, oníṣẹ́ sílíńdà ní Ṣáléńjì, kó rọ ohun tuntun sí wọn, nítorí pé látọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń fi wọ́n kọ́.

Èyí tó kù ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Nínú lẹ́tà náà, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì. Ṣọ́ọ̀bù Àmúdàtù ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá onílé kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọ sin ín sí, níbi tí ìlẹ̀kùn náà ṣí sí gan-an. Wọ́n fi táìlì funfun bo ibojì rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde kó gun orí bàbá. Àmúdàtù pariwo lọ́jọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé oúnjẹ òkú wá fún un, wọn kò sì yọ búlọ́ọ̀kù kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ bá Olúgbádé, ọmọ bàbá onílé, tó ń gba owó ilé báyìí. Àmúdàtù ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà nílé-ìwé girama, nítorí náà kò fi ọ̀wọ̀ kankan fún un.

“Olúgbádé, kí lo fẹ́ kí n sọ fún àwọn panápaná lọ́jọ́bọ̀?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ẹbí ṣèpàdé. Ní Jẹ́ríkò la ti máa pàdé lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ọjọ́ Àìkú! Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ mi máa bọ́, o ń sọ Àìkú fún mi.”

“Màmá, bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ṣé orí bàbá mi ni wọ́n máa gbà sáré jáde ni?”

“Bàbá ẹ ti lọ sinmi. Àwọn ọmọ mẹ́fà tó wà nínú ilé mi ò tíì ṣe tán láti bá a lọ.” Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. “Tí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́jọ́ kan, tí wọn ò rí ọ̀nà jáde, ọrùn ẹ ni ẹ̀jẹ̀ wọn máa wà. Ìwọ lo tì wọ́n mọ́lé. Ìwọ!”

Olúgbádé wọlé, ó rọra pa ìlẹ̀kùn dé. Ìyẹn tún dá kún ìbínú Àmúdàtù, nítorí pé kò sí ohun tó burú tó kí ẹni tí à ń bá jà máa hùwà ọmọlúàbí síni.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó pe Tiwátọ́pẹ́. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ lẹ́tà kọ. Ó ní kó kọ ÀBÁJÁDE gàdàgbà sára páálí, kó ya ọfà pupa sí i, kó gbé e kọ́ sókè ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tiwátọ́pẹ́ wo búlọ́ọ̀kù, ó wo páálí.

“Màmá, ọfà yẹn máa tọ́ka sí ògiri.”

“Ta kọ́tìnnì sí ògiri.”

Wọ́n ta kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí i. Bí ènìyàn bá dúró lókèèrè, tí kò sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó lè rò pé ọgbà òdòdó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹ̀rín. Àmúdàtù rí wọn, ó sì bá wọn jà lórí ìyẹn náà.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ago mọ́kànlá, ó múra àtilọ sí Ṣáléńjì lọ gba sílíńdà rẹ̀ lọ́wọ́ Mánsúrù. Kó tó lọ, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe bó bá ń jáde. Ó fa géètì onírin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù pa dé, ó fi àgádágodo kọ́ ọ, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró rẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú ilé, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má tíì bú u. Kò ṣe é láti fi wọ́n ṣẹrú. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó lọ sí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó, kó tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ti wọlé kó pírójẹ́ẹ̀tì wọn lọ láìsan kọ́bọ̀, ẹnì kan sì ti jí odindi róòlù ìwé wúrà tó fi ń tẹ lẹ́tà gbé. Ó lọ bá wẹ́dà kan ní Ìwó Road, ó ní kó rọ géètì fún òun, kó sì fi ihò kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ tí kò tóbi ju ìwé lọ. Látìgbà náà, bí kò bá sí nílé, ihò yẹn ni iṣẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni owó ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ń gbà jáde. Olè kan kò jà á mọ́. Ní ìlú Ìbàdàn yìí, kò sí ilé tí wọn kò fi irin dí fèrèsé rẹ̀, kò sí bàbá tí kì í yẹ àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sùn. Olè là ń bẹ̀rù. A ti bẹ̀rù olè títí a fi gbàgbé pé nǹkan mìíràn ń pani. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí ilé tèmi náà rí bẹ́ẹ̀.

Mánsúrù rí Àmúdàtù lókèèrè, ó sì ti ń fa àga.

“Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ mu omi tútù.”

“Mi ò wá mu omi. Sílíńdà mi dà?”

“Wọ́n ti ṣe tán o. Mo ti rọ wọ́n kún.”

“Mo ní wọ́n dà?”

Mánsúrù họ orí. “Òtẹ́ẹ̀lì kan ló yá wọn. Àwọn náà ń retí panápaná lónìí. Tí wọ́n bá ti lọ tán, wọ́n á kó wọn wá.”

Àmúdàtù fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

“O gbé ohun tí mo fi ń paná, o fi yá òtẹ́ẹ̀lì.”

“Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́. Tó bá jẹ́ tiyín ni kò pé lọ́la, màá yá tẹlòmíràn kún un fún yín.”

“Tí iná bá wá ṣẹ́ yọ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí ńkọ́? Ṣé kí n lọ bẹ òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n jọ̀wọ́ da omi sí i fún mi? Mánsúrù, apànìyàn ni ẹ́! Oníjìbìtì! Ìwọ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n!” Àwọn tó ń ta táyà ní òdìkejì dìde láti wòran. Ó ń tọ́ka, gèlè rẹ̀ ti ń tú, ó ń pe ìran Mánsúrù níkọ̀ọ̀kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e pẹ̀lú ohùn tó fi ń jà. “Ta nìyẹn?”

“Ẹ káàsán, mà,” ohùn obìnrin kan ní. “Ìrẹ̀mídé lorúkọ mi, láti iléeṣẹ́ panápaná. Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín.”

Ìbínú Àmúdàtù ṣubú lulẹ̀, ó sì tún dìde lójú ẹsẹ̀. “Ọjọ́bọ̀ lẹ̀ ń bọ̀! Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni!”

“A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ tó bá wù wá ni, mà.”

“Kò burú. Ẹ wọlé. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n á fún yín lága.”

“Mi ò lè wọlé, mà. Àwọn náà ò lè jáde. Wọ́n ní ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà.”

“Ọwọ́ mi ló wà.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, níbo lẹ wà?”

“Ṣáléńjì.”

“Ẹ máa bọ̀, mà,” obìnrin náà sọ. “Mò ń dúró dè yín.”

Àmúdàtù fi Mánsúrù sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Ó ní kí ọlọ́kadà fò. Ní Mọlétè, ọkọ̀ ńlá kan ń fi ẹ̀yìn rìn wọ ọgbà, ó sì dá gbogbo títì dúró. Ó bú awakọ̀ náà, ó bú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n dé Dùgbẹ̀, àwọn Máíkírà ti fi ara wọn dí ara wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ sún fún ẹnì kejì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, ó tún padà gun ọ̀kadà níwájú. Ó bú ìjọba tí kò fẹ títì. Ó bú àwọn ará ìlà tó búra Ọjọ́bọ̀ fún un. Ní Mọ́kọ́lá, epo ọ̀kadà tán, wọ́n sì yà sílé epo, ọlọ́kadà náà sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá tó bí i kò sọ sí i rí. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà yìí: kí inú obìnrin panápaná má bí, kí iṣẹ́ ọdún méjì má bọ́. Kò ro nǹkan mìíràn.

Nígbà tó dé, obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbó létí. Olúgbádé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn géètì, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró, wọ́n di irin mú, Jésùlọlá nìkan ló jókòó sórí ìdì pépà.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá,” Olúgbádé wí. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ìbá sàn kó fi ṣe é.

Àmúdàtù tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ìró. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí àgádágodo lákọ̀ọ́kọ́, kò ṣí, ó tún fi òmíràn sí i. Nígbà tí géètì ṣí tán ni Ìrẹ̀mídé tẹ fóònù tó fi ń ka àkókò.

“Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mà.”

“Dùgbẹ̀ ló dí! Ẹ lọ wò ó fúnra yín!”

“Mo mọ̀, mà. Ojoojúmọ́ ló ń dí.”

Ó wọlé, ó yẹ gbogbo nǹkan wò láìyára. Ó wo iyanrìn, ó wo wáyà, ó wo ibi tí sílíńdà yẹ kó wà, kò sì bèèrè ibi tí wọ́n lọ. Ó tẹ̀lé ọfà pupa. Ó gbá kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan búlọ́ọ̀kù.

“Òun nìyí!” Àmúdàtù ké, ó na ìka sí Olúgbádé lóde. “Òun ló dí ọ̀nà yẹn! Mo sọ fún un lánàá níwájú gbogbo èèyàn pé ó ti tì wọ́n mọ́lé!”

“Òótọ́ lẹ sọ, mà. A máa kọ̀wé sí wọn.” Ìrẹ̀mídé fa kọ́tìnnì padà sí àyè rẹ̀. “Àmọ́ ọ̀nà kan ṣì wà tí wọn ò fi búlọ́ọ̀kù dí. Ta ló tì í?”

Àmúdàtù wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrẹ̀mídé kọ nǹkan sínú ìwé, ó fà á ya, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù náà kò yege, pé àwọn máa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nísàlẹ̀, ó kọ 57, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ó dágbére fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Iṣẹ́ ọdún méjì bá a lọ.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ni Àmúdàtù ti ronú pìwà dà? Ìbínú kì í tètè kú bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà! Ẹnu yín wú ni? Ọdún méjì! Ẹ ń wò mí tí mò ń ti géètì, ẹ ò lè sọ pé Màmá, èyí ò dáa? Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn wá tàbùkù mi!”

Wọ́n wo ilẹ̀. Bólúwadúró ló gbé ojú sókè. Ẹni tí kì í bínú ni, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yìí, ohùn rẹ̀ le.

“A sọ, Màmá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé géètì dé ni mo sọ ọ́, lójú gbogbo wa. Ẹ ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó gba ilé ẹ̀ lọ. Ta ló ní ibòmíràn tó máa lọ?”

“O ò tún un sọ!”

“A ò tún un sọ. A wá nǹkan ṣe sí i fúnra wa.”

“Kí lẹ ṣe sí i?”

Bólúwadúró kọjú sí ilé ìtọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, Àmúdàtù sì tẹ̀lé e. Kì í wọ ibẹ̀, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ló ti máa ń tọ̀. Fèrèsé kékeré kan wà lókè, irin mẹ́ta ló dí i. Bólúwadúró gun orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó da ojú délẹ̀, ó di irin àárín mú, ó sì yọ ọ́ kúrò bí ẹni yọ ìgbálẹ̀ nídìí àpótí. Wọ́n ti rẹ́ ẹ lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ padà.

“Oṣù mẹ́ta la fi rẹ́ ẹ,” ó wí. “Tí ẹ bá jáde la máa ń rẹ́ ẹ.”

Lára ògiri nísàlẹ̀ fèrèsé, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọwọ́ Tiwátọ́pẹ́ ni, kò ṣeé ṣì mọ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú, nítorí pé òun ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síta kó lè máa fa àwọn tó kù. Orúkọ Bólúwadúró ló kẹ́yìn. Èyí tó wà ní ipò kejì, wọ́n ti fa igi lé e, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Jésùlọlá ni.

Àmúdàtù yí padà bí ẹkùn. “Ta ló yọ orúkọ ẹ̀? Ẹ̀yin ìkà yìí! Aboyún lẹ yọ kúrò? Ta ló fa igi yìí?”

Jésùlọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀.

“Èmi ni, Màmá. Lóṣù tó kọjá. Mo gbìyànjú ẹ̀, ikùn ò gbà mí kọjá mọ́.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ojú ewé tó ti rán. “Mo fà á kí wọ́n má bàa dúró dè mí.”

Wọ́n gbọ́ oníbúrẹ́dì lóde, ó ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Àmúdàtù wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì tún wo fèrèsé. Gbogbo èébú tó mọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì tọ́ sí.

“Ayùn tí ẹ fi rẹ́ ẹ dà?” ó bèèrè nígbẹ̀yìn.

Tiwátọ́pẹ́ mú un jáde lẹ́yìn ìdì pépà. Àmúdàtù gbà á, ó lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà níbi tí gbogbo ará ìlà ti lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ìdè tó mú géètì mọ́ ògiri. Irin náà nípọn. Òógùn ń bọ́ sójú rẹ̀, ó ń rẹ́ ẹ, ó sì ń bú irin. Bólúwadúró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba ayùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn mí,” ó wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé, ó bèèrè bóyá pírójẹ́ẹ̀tì òun ti ṣe tán. Àmúdàtù kò gbé orí sókè. Ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà lè kọjá wọlé, ó sì ń rẹ́ irin lọ.